Láti Ìdí Eré Dé Ìdí Iṣẹ́: Géèmù Ọmọdé àti Kíkọ Ètò fún Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá

 

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àlọ́, ewì àti ìtàn àròsọ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí eré tí àwọn ọmọdé ń fi ẹ̀rọ ṣe, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní géèmù. Ìdí méjì ni mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ìwé ni. Ènìyàn ni ó ń kọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ní gírámà tirẹ̀, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá sì fo àmì kékeré kan ṣoṣo, ẹ̀rọ lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò gbọ́ ohun tí ó wí. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ara mi, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí a tó lọ jìnnà.

Ní ọdún 2009, àkọ́bí mi ọkùnrin wà ní ọdún kẹta ní ilé-ìwé girama. Èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára tó bí mo ti fẹ́, mo sì pinnu lójú ẹsẹ̀ pé géèmù ni ó fà á. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí ìwé àjákọ kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ti ya ojú ọ̀nà àti ilé sínú rẹ̀, ó sì kọ òfin sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá dé ilé kẹta láìní omi yóò pàdánù ìdajì agbára rẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù kò ní lè sáré. Ó ti fagi lé àwọn òfin kan, ó sì ti tún wọn kọ. Ohun tí mo rí nígbà náà kò ju pé ọmọ náà tún ti wà nídìí eré. Mo fa ìwé náà ya. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti máa ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, n kò lè ka èyí tí ọmọ mi kọ.

Ìbéèrè tí a óò gbìyànjú láti dáhùn lónìí ni èyí: ọ̀nà wo ni ìfẹ́ tí ọmọdé ní sí eré orí ẹ̀rọ fi ń di iṣẹ́ kíkọ ètò, kí sì ni ó ń dí ọ̀nà náà? Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ sì ni fífi ìyà jẹ ìfẹ́ náà kò tọ́. Ilẹ̀kùn kan ni ó wà láàárín yàrá eré àti yàrá iṣẹ́. Níbi tí àwọn àgbà bá ti ṣí i sílẹ̀, àwọn ọmọ kan a gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí wọ́n bá ti tì í, eré a dúró ní eré.

2. Òfin ni ó ń bẹ nínú eré

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ wo ohun tí a kò mọ̀. Ọpọ́n ayò ní ojúlé 12, mẹ́fà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ẹni tí ó kàn láti ta á yóò kó ọmọ inú ojúlé kan ní ìhà tirẹ̀, yóò máa pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojúlé ẹni kejì, tí ó sì sọ ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ìtẹ̀léra wà níbẹ̀: kó ọmọ ná, kí o tó pín in. Àṣetúnṣe wà níbẹ̀: máa pín in títí yóò fi tán. Ìpinnu tí a gbé karí àdéhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá di méjì tàbí mẹ́ta, jẹ ẹ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀. Àwọn Yorùbá sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Orí ààrò mẹ́ta yìí ni a ń gbé ètò ẹ̀rọ kà, ìbáà jẹ́ ètò eré, ìbáà jẹ́ ètò tí báńkì fi ń ṣírò owó.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn máa ń gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kì í gbọ́ ọ. Bí òpè ayò bá fi ọwọ́ sí ojúlé tí ó ṣófo, àwa a rẹ́rìn-ín, a ní kí ó tún un ta. Ẹ̀rọ kì í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó kọ ètò ayò gbọ́dọ̀ ti rò ó ṣáájú pé ẹnì kan lè fi ọwọ́ sí ojúlé òfìfo, kí ó sì ti kọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe sílẹ̀. Èyí gan-an ni iṣẹ́ náà: kí a ro gbogbo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, kí a sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun sílẹ̀ fún òye ẹni tí ń gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé eré kékeré ni ayò. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì, John Romein àti Henri Bal, ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam, kọ ètò tí ó yẹ Awari wò dé gbòǹgbò. Awari jẹ́ ìbátan ayò tiwa. Òun náà ní ojúlé 12 àti ọmọ 48. Ọ̀nà tí ọmọ inú eré náà lè gbà tò sórí ọpọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kà á, jẹ́ 889,063,398,406. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́.

Nítorí náà, ìpele mẹ́ta ni mo rí. Ìpele kìíní ni ti ẹni tí ń ṣe eré, tí ó sì ń wá bí yóò ṣe borí. Ìpele kejì ni ti ẹni tí ń tú eré wò, tí ó ń béèrè ìdí tí òfin fi rí bí ó ti rí. Ìpele kẹta ni ti ẹni tí ń kọ òfin tirẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Kò sí òǹkọ̀wé tí kò kọ́kọ́ jẹ́ òǹkàwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òǹkàwé ni ó ń di òǹkọ̀wé.

3. Ọmọ tí ó fi owó ẹ̀bùn eré ra ẹ̀rọ

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ni ti Demis Hassabis. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1976; Gíríìkì ará Sípírọ́sì ni bàbá rẹ̀, Singapore sì ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣẹ́ẹ̀sì, eré ọba àti ìjòyè orí pákó, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní ọdún 1984, ó fi nínú owó tí ó gbà níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ra ẹ̀rọ ayárabíàṣá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ZX Spectrum. Ìwé ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ ètò fún un. Nígbà tí ó ní ẹ̀rọ tí ó tóbi ju ìyẹn lọ, ó kọ ètò tí ó lè ta eré Othello, ètò náà sì borí àbúrò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà ti mọ eré ta; ó wá fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn ní eré náà, ẹlòmíràn yìí sì jẹ́ ẹ̀rọ tí kò mọ nǹkan kan àfi ohun tí a bá sọ fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní eré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, ọ̀nà wo ni èmi fúnra mi fi ń mọ̀ pé ibí ni ó yẹ kí n fi ọwọ́ sí? Ó ti kúrò ní ìpele kìíní.

Kí ó tó wọ Yunifásítì Cambridge, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe eré orí ẹ̀rọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bullfrog. Níbẹ̀ ni òun àti Peter Molyneux ti ṣe Theme Park, eré tí ó jáde ní ọdún 1994. Ẹni tí ń ṣe eré yìí ni yóò jẹ́ olówó ọgbà ìgbafẹ́, tí yóò máa ta oúnjẹ àti ohun mímu fún àlejò. Bí ó bá fi kún iyọ̀ orí ọ̀dùnkún díndín tí ó ń tà, òùngbẹ yóò gbẹ àwọn àlejò, wọn yóò sì ra ohun mímu sí i. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ darí àlejò kọ̀ọ̀kan lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Òfin kékeré kan ni wọ́n kọ nípa iyọ̀, òmíràn nípa òùngbẹ. Nígbà tí òfin méjèèjì pàdé, ọjà tà. Bí mo bá rántí ilé kẹta àti omi inú ìwé àjákọ ọmọ mi, ara mi kì í lélẹ̀.

Hassabis gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá ní Cambridge ní ọdún 1997. Ní ọdún 1998, ó dá ilé-iṣẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀, Elixir Studios. Ó padà sí yunifásítì lẹ́yìn náà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní University College London ní ọdún 2009 lórí iṣẹ́ ọpọlọ àti ìrántí. Ní ọdún 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá DeepMind sílẹ̀, tí Google rà ní ọdún 2014. Iṣẹ́ wọn tí ó kọ́kọ́ di mímọ̀ tún jẹ́ ti eré: ètò kan tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní eré Atari 49, tí kò rí ju àwòrán ojú ẹ̀rọ àti iye àmì tí ó gbà lọ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ètò wọn tí ń jẹ́ AlphaGo borí Lee Sedol, àgbà ọ̀ta nínú eré Go, ní ìlú Seoul, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún. Láti orí eré ni wọ́n ti kọjá sórí ìbéèrè bí purotéènì inú ara ohun alààyè ṣe ń ká jọ. Ètò wọn lórí èyí, AlphaFold, ni ó mú kí Hassabis àti John Jumper pín ìdajì Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2024. David Baker ni ó gba ìdajì kejì.

Kì í ṣe nítorí kí gbogbo ọmọ wa lè gba Ẹ̀bùn Nobel ni mo fi sọ ìtàn yìí. Mo sọ ọ́ nítorí pé ní ọdún 1984, bí a bá yọjú sínú yàrá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ eré ni à bá rí.

4. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí àti ilẹ̀kùn tí ó tì

Ẹnì kan lè sọ pé orí ọmọ náà ni ó pé, kò sí ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ní ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ZX Spectrum ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ náà, kò sí eré kankan tí yóò hàn. Yóò kàn dúró de àṣẹ ni. Èdè tí ó gbọ́ ni BASIC, èdè ètò tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964 kí ó lè rọrùn fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ tẹ àwọn ọ̀rọ̀ èdè náà sára bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣeré lè fi kásẹ́ẹ̀tì gbé eré sínú rẹ̀. Ó sì lè ra ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ odindi ètò eré sí, kí ó máa dà á kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣi ìlà kan kọ, eré kò ní ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá àṣìṣe náà rí. Báyìí ni àṣìṣe ṣe di olùkọ́ fún ọmọ púpọ̀ tí kò ní olùkọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe fún eré nìkan gbilẹ̀. Wọn kò ní bọ́tìnnì ìkọ̀wé. Inú àpótí kékeré tí a dí pa ni eré wà. Wọ́n dára púpọ̀ fún eré, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè wo inú wọn. Ó dà bí ìgbà tí a gbé oúnjẹ aládùn fún ọmọ, tí a sì ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ọn. Ní àárín ọdún 2000 sí 2010, Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ṣàkíyèsí pé iye àwọn tí ń wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá ń dínkù, àti pé àwọn tí ó ń wá kò mọ ètò kọ tó bí àwọn aṣáájú wọn ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé irú ẹ̀rọ tí ọmọ lè fi kọ ètò nílé ti pòórá. Èyí ni ó bí Raspberry Pi, ẹ̀rọ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù kejì ọdún 2012 ní dọ́là Amẹ́ríkà 35. Kí ó tó di ìgbà náà, ní ọdún 2007, MIT ti gbé Scratch jáde lọ́fẹ̀ẹ́: níbẹ̀, ọmọdé a máa to àṣẹ pọ̀ bí ẹni tí ń to bíríkì, eré a sì jáde láti inú rẹ̀.

ZX Spectrum tí ó tóbi jù nígbà náà ní agbára ìrántí 48 kílóbáìtì. Tẹlifóònù alágbèéká tí ó ní gígábáìtì 4 ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 80,000. Ọmọ tí ó di irú rẹ̀ mú ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo ní agbára tí Hassabis kékeré kò lè lá àlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù náà kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, kí ni o fẹ́ kí n ṣe? Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń gbé síwájú rẹ̀.

5. Ohun tí ìfẹ́ eré kò lè fúnni

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí kí ó lọ sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ọmọ máa ṣe géèmù mọ́jú. Ọmọ lè ṣe eré fún ọdún mẹ́wàá kí ó má kúrò ní ìpele kìíní, gẹ́gẹ́ bí ọ̀ta ayò ti lè ta ayò títí di ọjọ́ ogbó láìgbẹ́ ọpọ́n kankan rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí eré kò lè fúnni ni ìṣirò. Eré máa ń jẹ́ kí ọmọ rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ọ ní ìṣirò. Ohun kejì ni sùúrù láti parí iṣẹ́. Bíbẹ̀rẹ̀ dùn, wíwá àṣìṣe tí kò hàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò dùn. Ohun kẹta ni ọgbọ́n àjọṣe àti òwò. Elixir Studios tí Hassabis dá sílẹ̀ ṣe eré méjì, ó sì kógbá sílé ní ọdún 2005, bí orí ẹni tí ó ni ín ti pé tó.

Ìgbésí ayé Satoru Iwata fi èyí hàn dáadáa. Sapporo ní ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1959. Nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé girama, ó ń kọ eré fún ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́gbé, ó sì ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ètò kíkọ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan, HAL Laboratory. Nígbà tí gbèsè fẹ́ pa ilé-iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ní ọdún 1993. Ó gbé e dìde, ó sì di ààrẹ Nintendo ní ọdún 2002, ipò tí ó wà títí ó fi kú ní ọdún 2015. Eré ni ó mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ó bá níbẹ̀, eré kọ́ ni ó san án.

6. Kí ni kí àwa ṣe?

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Mo bẹ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ pé kí a kọ́kọ́ mọ àmì ìpele kejì. Ọmọ tí ń béèrè ìdí tí òfin kan fi rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ń ṣe òfin fún eré àwọn àbúrò rẹ̀, ọmọ tí ó ní ìwé àjákọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan wà tí ó tó fún ìdánwò: "Bí ó bá ṣe pé ìwọ ni o ṣe eré yìí, kí ni ìwọ ìbá yí padà?" Ẹni tí ó dáhùn pé kò sí, kí ó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ jókòó tì í.

Bí kò bá sí iná, tí kò sì sí owó ẹ̀rọ, bébà àti bírò ṣì wà. Ẹ ní kí ọmọ fi èdè Yorùbá kọ òfin ayò sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, lọ́nà tí ẹni tí kò rí ọpọ́n rí yóò fi lè ta á láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí ọmọ kejì máa ṣe ohun tí ó kọ gẹ́lẹ́, láìfi òye tirẹ̀ kún un. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé eré náà yóò dàrú. Wọn yóò sì tún òfin náà kọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú kíkọ ètò nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí wa mọ́. Ní Èkó ni wọ́n ti dá Maliyo Games sílẹ̀ ní ọdún 2012. Ọ̀kan nínú eré tí wọ́n ṣe ni Okada Ride, ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiwa. Ẹni tí ó mọ ètò eré kọ kò sì di ẹrú eré: ààrò mẹ́ta kan náà ni ó wà lábẹ́ ètò ilé-ìwòsàn, ti báńkì àti ti pápá ọkọ̀ òfurufú.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti sọ pé òfin ni ó ń bẹ nínú eré, pé ètò ẹ̀rọ jẹ́ òfin tí a kọ sílẹ̀, àti pé ọmọ tí ó fẹ́ràn eré lè di òǹkọ̀wé ètò bí ó bá rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí, tí ó sì ní ìṣirò àti sùúrù tí yóò gbé e kọjá ibẹ̀.

Ọmọ tí mo fa ìwé rẹ̀ ya ti di àgbà. Ìmọ̀ ìṣirò owó ni ó kọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sì bá mi bínú. Nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú." Lẹ́yìn náà ni ó ka àwọn òfin eré náà fún mi láti orí, bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní títí dé ilé keje. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ omi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti wá rí i pé òfin yẹn kò pé: òun kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn méjì bá fẹ́ pín omi wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.